Ṣé Ẹ̀kọ́ Lean Wúlò fún Sáìtì Kékeré ní Òṣogbo?

Ìbéèrè: «Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ka ìmọ̀ ilé kíkọ́ ní pólì, mo sì ń bá agbaṣẹ́ṣe kan ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo níbí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó sáìtì. Ilé alájà méjì ní agbègbè Òkè-Fìà ló wà lọ́wọ́ wa báyìí. Kò sí iṣẹ́ wa kan tí kì í pẹ́ ju ọjọ́ tí a dá fún onílé lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Lean Construction, ìyẹn ọ̀nà ilé kíkọ́ láìfi nǹkan ṣòfò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé màá gba ìwé-ẹ̀rí láti Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, ó bi mí pé ṣé kí àwọn dín símẹ́ńtì kù ni, àbí kí àwọn lé òṣìṣẹ́. Owó ẹ̀kọ́ náà kò kéré lójú mi. Ṣé kí n san án? Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ lórí sáìtì kékeré? Ṣé ìwé-ẹ̀rí náà á jẹ́ kí n rí iṣẹ́ tó dára ju èyí lọ?»

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Bí mo ṣe kà á, ohun mẹ́ta ló ń dà yín láàmú: owó tí ẹ fẹ́ san, iṣẹ́ tó ń pẹ́, àti ipò tí ẹ fẹ́ dé lẹ́nu iṣẹ́ yín. Èyí tó wà láàárín ni mo kà sí pàtàkì jù, torí òun gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Owó àti ipò lè tẹ̀ lé e, wọ́n sì lè má tẹ̀ lé e. Ìdáhùn mi ní kúkúrú ni pé ẹ̀kọ́ náà wúlò fún sáìtì Òkè-Fìà bó ṣe wúlò fún sáìtì ńlá, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì sanwó kankan títí ẹ ó fi ṣe ohun kan tí kò ní ná yín ju ìwé àjákọ kan lọ. Màá ṣàlàyé rẹ̀ níwájú. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ohun tí ọ̀gá yín sọ, nítorí bí ìbẹ̀rù yẹn bá ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, kò ní gbà yín láyè láti lo ohunkóhun tí ẹ bá kọ́.

Ìbẹ̀rù rẹ̀ nídìí, torí ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò lọ́ràá, ni «lean» túmọ̀ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì. A ti rí agbaṣẹ́ṣe tó ní òun fẹ́ dín ìnáwó kù, tó wá lọ ń dín símẹ́ńtì inú kọnkéré kù, tàbí tó fi irin milimítà 12 síbi tí ẹnjiníà kọ 16 sí, irú ìwà bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tó ń wó ilé lulẹ̀ ní Nàìjíríà. Lean kò fọwọ́ kan ohun tí ẹnjiníà kọ sínú àwòrán rárá. Bí SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ṣe pa á láṣẹ ní 2014 pé símẹ́ńtì tí nọ́ńbà agbára rẹ̀ jẹ́ 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, tí kì í ṣe fún òpó àti dẹ́kìn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò wà. Ohun tí Lean ń wá kiri ni iṣẹ́ tí owó rẹ̀ jáde lápò tí kò sì fi nǹkan kan kún ilé náà: búlọ́ọ̀kù tí ọkọ̀ já sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí lébìrà tún wá ń rù wọ ẹ̀yìn ilé; símẹ́ńtì tí a kó jọ púpọ̀ jù nígbà òjò tó wá gan nínú àpò; àpòpọ̀ tí a pò ju ohun tí a lè lò kó tó le; ògiri tí kò dúró gbọọrọ tí a wá ń rẹ́ nípọn kó lè tọ́ lójú; àti ìdúró, tó sábà máa ń pọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ní ti lílé òṣìṣẹ́, bí bíríkìlà mẹ́rin bá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti aago mẹ́jọ nítorí pé típà tó ń gbé yanrìn bọ̀ kò tíì dé, lílé méjì nínú wọn kò ní mú yanrìn náà yá.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ọ̀nà iléeṣẹ́ ọkọ̀ ni, pé kò bá ilé kíkọ́ mu. Òótọ́ ni pé iléeṣẹ́ Toyota ní ilẹ̀ Jàpáánì ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, níbi tí Taiichi Ohno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá bí wọn yóò ṣe máa ṣe ọkọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì nígbà tí owó àti ohun èlò kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tiwa ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1992, Lauri Koskela, ọmọ ilẹ̀ Finland, kọ ìwádìí kan ní Yunifásítì Stanford, níbi tó ti sọ pé àwa tí a ń kọ́lé máa ń wo iṣẹ́ bí ẹni pé ká sọ búlọ́ọ̀kù di ògiri nìkan ni, tí a kì í sì í wo bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, níbi tó ti ń dúró àti ibi tó ti ń padà sẹ́yìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni àwọn olùwádìí kọ́kọ́ pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Espoo ní Finland, nígbà tó sì di 1997, Glenn Ballard àti Greg Howell dá Lean Construction Institute sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn náà tó fún ìtàn.

Ohun tí Ballard àti Howell rí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye iṣẹ́ tó ń parí lásìkò ló yẹ kó fún yín ní ìfọ̀kànbalẹ̀ díẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí àwọn fóòmánù lórí sáìtì tí wọ́n wò sọ pé àwọn yóò parí láàárín ọ̀sẹ̀, èyí tó parí lóòótọ́ kàn fi díẹ̀ lé ní ìdajì ni. Amẹ́ríkà sì nìyẹn, níbi tí iná kì í lọ, tí ọ̀nà dán, tí ẹ̀rọ pọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ọ̀lẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ wa, pé òun ló ń fa ìdádúró. Eré kan wà tí àwọn olùkọ́ Lean fẹ́ràn láti fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Àwọn èèyàn bíi márùn-ún tàbí méje á jókòó ní ìlà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dúró fún iṣẹ́ ọwọ́ kan, láti orí ẹni tó ń da kọnkéré títí dé ẹni tó ń kun ilé. Wọn á máa ta dáìsì, iye tó bá sì mú ni onítọ̀hún lè gbé fún ẹni tó tẹ̀ lé e, bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bá ti gbé tó bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹgbẹ́ kan á gba dáìsì tí kò ní ju 4 àti 6 lọ lójú, ẹgbẹ́ kejì á gba èyí tó jẹ́ 1 àti 9. Bí ẹ bá pín in dọ́gba, 5 ni méjèèjì ń mú, síbẹ̀ ẹgbẹ́ kejì ló sábà máa ń pẹ́ jù, ẹni tó wà ní ìparí ìlà á sì máa jókòó lásán. Ìdí ni pé 9 tí ẹnìkan mú lónìí kò wúlò fún un bí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ bá mú 1, nítorí kò sí iṣẹ́ nílẹ̀ tí yóò fi 9 náà ṣe. Bí bíríkìlà mẹ́ta bá wá lọ́jọ́ Ajé, tí mẹ́sàn-án wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹnìkan kò sì yọjú lọ́jọ́ Ẹtì, iye èèyàn tí ẹ sanwó fún lè pé lórí ìwé, kí iṣẹ́ má sì kúrò lójú kan.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sórí ilé tó wà lọ́wọ́ yín. Bó bá rí bí ọ̀pọ̀ sáìtì tí mo ti dé ní ìlú yìí, iye búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà bá tò ni ẹ fi ń sanwó fún un. Ẹni tí a ń sanwó fún báyẹn kò ní dúró de púlọ́ńbà kó wá fi páìpù sí àyè rẹ̀. Yóò máa mọ ọ́n lọ sókè ni, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Púlọ́ńbà yóò dé ní ọjọ́ tó bá ráyè láti sáìtì mìíràn, yóò sì fi òòlù gbẹ́ ògiri tó ti dúró. Oníná yóò tẹ̀ lé e, òun náà yóò gbẹ́ tirẹ̀. Lébìrà yóò kó àwókù dànù, bíríkìlà yóò padà wá dí ihò, símẹ́ńtì yóò tún jáde. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn, nítorí kálukú ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ sanwó fún un. Bí a ṣe pín iṣẹ́ àti owó láti ìbẹ̀rẹ̀ ló bí àtúnṣe náà. Ẹ̀kọ́ Lean tó bá yanjú yóò kọ́ yín láti rí irú nǹkan báyìí kí ẹ tó lọ máa bínú sí púlọ́ńbà.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yanjú rẹ̀, tó sì jẹ́ ọkàn ẹ̀kọ́ náà fún alábòójútó bíi tiyín, ni ètò tí Ballard pè ní Last Planner, ìyẹn «olùṣètò ìkẹyìn». Ẹni tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ darí iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣèlérí iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹ ó mú ọjọ́ pàtàkì kan, ká ní ọjọ́ tí ẹ ó da dẹ́kìn, ẹ ó pe àwọn olórí iṣẹ́ ọwọ́ jọ, ẹ ó sì máa ti ọjọ́ yẹn padà sẹ́yìn: kí a tó da kọnkéré, kí ló gbọ́dọ̀ ti parí, ta ni yóò ṣe é, kí ni òun náà ń retí lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó máa wo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà síwájú, kí ẹ lè mú ìdíwọ́ kúrò kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Koskela to ohun méje tí iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ ní kó tó lè bẹ̀rẹ̀: àwòrán àti àlàyé rẹ̀, ohun èlò, òṣìṣẹ́, irinṣẹ́, àyè láti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀, àti àwọn nǹkan òde bí ojú ọjọ́ àti àṣẹ ìjọba. Iṣẹ́ tí ọ̀kan nínú méje yìí bá kù fún kò gbọdọ̀ wọ inú ìlérí ọ̀sẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ ó ka iye ìlérí tó ṣẹ. Bí méjìlá bá wà nílẹ̀ tí méje parí pátápátá, 58 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Èyí tó kù díẹ̀ kó parí, kò parí. Ẹ ó wá kọ ìdí tí márùn-ún tó kù kò fi ṣẹ, ìdí yẹn sì wúlò ju iye náà lọ.

Níbí ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lórí kọ̀ǹpútà ti ń kọsẹ̀ bí wọ́n bá dé sáìtì wa. Gbogbo ètò náà dúró lórí pé fóòmánù lè sọ pé rárá, iṣẹ́ yìí kò ní ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Láàárín tiwa, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá lójú àwùjọ ti fẹ́ jọ aláfojúdi. Ohun tí ẹ ó máa gbọ́ ni «Kò sí wàhálà, sà», tàbí «Lágbára Ọlọ́run, a ó parí ẹ̀ kí Sátidé tó pé», ẹni tó sì ń sọ ọ́ mọ̀ pé irin kò tíì dé. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ọ̀wọ̀ ló ń bù fún yín. Ìṣòro kejì ni pé ẹ̀yin gan-an lè jẹ́ ọ̀dọ́, kí olórí bíríkìlà yín sì tó bàbá yín lọ́jọ́ orí. Kò sí bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dúró kí ẹ máa bi í lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí kò parí iṣẹ́. Ohun tí mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ yí ìbéèrè náà padà. Ẹ má bi í pé «Ṣé ẹ ó parí ẹ̀?» Ẹ bi í pé «Bàbá, kí ló kù tí kò tíì tẹ̀ yín lọ́wọ́ tí iṣẹ́ yìí yóò fi yá?» Yóò dáhùn pé omi kò sí, pé àwòrán yàrá ìdáná kò yé òun, pé àwọn tó ń di irin kò tíì kúrò lójú ibẹ̀. Ó ti sọ pé rárá fún yín, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àfojúdi. Bí ẹ bá sì ń lẹ àbájáde ọ̀sẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ àti ìdí rẹ̀ síbẹ̀, ẹ má kọ orúkọ èèyàn. Ẹ ka àwọn ọjọ́ tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ètò náà pẹ̀lú: ìrun Jímọ̀, òde ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ tí èrò máa ń kún ìlú. Ètò tó bá ka ọjọ́ Àbámẹ́ta sí ọjọ́ iṣẹ́ gidi ní Òṣogbo, ẹni tó kọ ọ́ kò gbé láàárín wa.

Ní ti ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń sanwó fún, èyí tí mo rò pé ọ̀rẹ́ yín ní lọ́kàn ni ti ẹgbẹ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AGC. Ọ̀nà méje ni wọ́n pín in sí, láti orí ìdí tí iṣẹ́ fi ń ṣe ségesège, dé orí Last Planner, ètò ìkó-ohun-èlò-wọlé, àti bí a ṣe ń wá gbòǹgbò ìṣòro. Ìdánwò wà ní ìparí fún ẹni tó bá fẹ́ ìwé-ẹ̀rí CM-Lean. Ẹ̀kọ́ tó ní ètò ni, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n àwọn àpẹẹrẹ inú rẹ̀ jẹ́ ti ibi tí fóòmánù ti jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù lábẹ́ iléeṣẹ́, tí àdéhùn wà ní kíkọ, tí ohun èlò sì ń dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ẹ ó ní láti fúnra yín túmọ̀ rẹ̀ sí ti bíríkìlà tó ń gba owó búlọ́ọ̀kù. Bákan náà, eré dáìsì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá ṣe é pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ nínú yàrá ló máa ń wọ̀ lára. Ẹni tó kàn wò ó nínú fídíò yóò mọ ìdáhùn rẹ̀ láì gbà á gbọ́. Bí àyè bá wà láti yan ẹ̀kọ́ ojú-kojú, kódà kó kúrú, mo fẹ́ ẹ jù. Ní ti ìwé kíkà, àwọn ìwé ìwádìí tí IGLC, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùwádìí Lean tó kọ́kọ́ pàdé ní Espoo, ti ń kó jọ láti ìpàdé àkọ́kọ́ wọn ní 1993 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ti àwọn olùwádìí Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ẹ fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí Lean kò sọ yín di akọ́lé lójú òfin. CORBON, tí òfin 1989 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ àwọn akọ́lé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, bí COREN ṣe ń ṣe fún àwọn ẹnjiníà. Bí owó kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ yín lọ́dún yìí, tí ẹ kò sì tíì forúkọ sílẹ̀, ọ̀nà ìforúkọsílẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí, torí òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn tí òfin tì. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní Èkó àti Àbújá lè fi ojú rere wo ìwé-ẹ̀rí Lean, pàápàá àwọn tó ń bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó wà lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán kò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun tí wọn yóò béèrè ni sáìtì tí ẹ parí lásìkò.

Ó wá ku ohun tí ẹ̀kọ́ yìí kò lè ṣe. Kò lè dá owó sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn onílé wa ń kọ́lé bí owó ṣe ń wọlé, agbaṣẹ́ṣe ìjọba náà sì lè dúró de owó títí ọdún yóò fi yí. Bí owó bá dúró, ìlérí ọ̀sẹ̀ kankan kò ní ṣẹ. Ohun tí Lean lè ṣe níbẹ̀ ni kó jẹ́ kí ẹ pín iṣẹ́ sí abala tó lè parí pátá pẹ̀lú owó tó wà nílẹ̀, kí ẹ má baà ṣí ojú iṣẹ́ mẹ́rin kí gbogbo rẹ̀ sì dúró ní àárín. Kò sì tọ̀nà kí ẹ gbé gbogbo ohun tí Toyota ń ṣe wá síbí láì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ń kọ́ni pé kí ohun èlò dé ní àkókò tí a fẹ́ lò ó gan-an. Ní ibi tí owó irin lè gòkè kí oṣù tó parí, ẹni tó bá rí owó ra irin rẹ̀ sílẹ̀ kò ṣe òmùgọ̀, bí ó bá ti ní ibi tí ilẹ̀ tútù àti olè kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Símẹ́ńtì kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, èyí tí ẹ ó lò láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni kí ẹ gbà. Àwọn olùkọ́ kan lè bá mi jiyàn lórí ti irin yìí, mo sì gbà kí wọ́n jiyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni yóò san ìyàtọ̀ owó náà fún onílé.

Ohun tí ẹ ó ṣe kí ẹ tó sanwó nìyí. Ẹ ra ìwé àjákọ kan. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí òṣìṣẹ́ tó tú ká, ẹ jókòó pẹ̀lú olórí bíríkìlà, káfíńtà, àwọn tó ń di irin, púlọ́ńbà àti oníná, kó má ju ìdajì wákàtí lọ, ẹ kọ ohun tí kálukú rò pé òun lè parí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àti ohun tó kù fún un. Ní ọjọ́ Ẹtì kejì, ẹ sàmì sí èyí tó parí, ẹ kọ ìdí èyí tí kò parí. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láì sọ fún ẹnikẹ́ni pé Lean ni, torí orúkọ yẹn ti ba ọ̀gá yín lẹ́rù ná. Bí púpọ̀ nínú àwọn ìdí tí ẹ kọ bá jẹ́ «owó kò sí», ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀kọ́, àárín ọ̀gá yín àti onílé ló wà. Bí wọ́n bá jẹ́ «a ń dúró de lágbájá», «àwòrán kò yé wa», «a ní láti fọ́ ọ kí a tún un ṣe», a jẹ́ pé ẹ̀kọ́ náà yóò bá ìṣòro yín mu. Ẹ gbé ìwé àjákọ náà lọ bá ọ̀gá yín, kí ẹ sì bi í bóyá òun lè san apá kan nínú owó rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó fún olùkọ́ kankan, ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti darí ètò ọ̀sẹ̀ lórí sáìtì rí, bóyá ẹ lè mú ìwé yín wá sí kíláàsì kí ó fi ṣe àpẹẹrẹ, àti bóyá yóò wà ní àrọ́wọ́tó fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Èyí tó bá jẹ́ pé ìwé-ẹ̀rí nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ fi owó yín pamọ́.